Yíyan jíà àti táyà fún ọ̀nà oko àti ilẹ̀ iyanrìn

Yíyan jíà àti táyà fún ọ̀nà oko àti ilẹ̀ iyanrìn ni iṣẹ́ tí àwọn awakọ̀, àwọn ọlọ́kadà àti àwọn mẹkáníìkì ń ṣe láti mú kí agbára ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ bá ilẹ̀ tí kò ní ọ̀dà mu. Ilẹ̀ náà lè jẹ́ òkìtì iyanrìn inú aṣálẹ̀, ó lè jẹ́ ẹrẹ̀ pupa ojú ọ̀nà abúlé, ó sì lè jẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ orí òkè. Ohun méjì ni ó so pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Èkíní ni ìwọ̀n jíà, èyí tó ń sọ iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ yí kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó yí lẹ́ẹ̀kan. Èkejì ni táyà: gíga rẹ̀, ìbú rẹ̀, bí eyín ara rẹ̀ ṣe rí, àti afẹ́fẹ́ tó wà nínú rẹ̀. A kì í yan ọ̀kan láìwo èkejì, nítorí pé táyà tó bá ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ yóò yí ìwọ̀n jíà padà bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ fọwọ́ kan jíà.

Ní àwọn abúlé àti ìlú kéékèèké tó yí Ìbàdàn ká ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, pàápàá ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà Àrà, ọ̀rọ̀ alùpùpù ni ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ jù lọ. Alùpùpù ló ń gbé ẹ̀gẹ́, kòkó, obì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ jáde láti oko, òun náà ló sì ń gbé aláìsàn àti aboyún lọ sí ilé ìwòsàn ní òru. Ọ̀pọ̀ ohun tí a kọ sílẹ̀ lórí kókó yìí lágbàáyé wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń wakọ̀ nínú aṣálẹ̀. Ó yẹ kí a fi ojú ṣọ́ra kà wọ́n, nítorí pé ohun tó ń gba ẹni là lórí iyanrìn lè gbé ẹni ṣubú lórí ẹrẹ̀.

Ìwọ̀n jíà

Lára alùpùpù, ṣéènì ló so sprọ́kẹ́ẹ̀tì méjì pọ̀: kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, àti ńlá tó wà lára ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Bí a bá fi iye eyín ti kékeré pín iye eyín ti ńlá, a ó rí ìwọ̀n jíà ìkẹyìn. Bí àpẹẹrẹ, eyín 42 lẹ́yìn àti eyín 14 níwájú fún wa ní 3.00, ìyẹn ni pé sprọ́kẹ́ẹ̀tì iwájú yóò yí lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó yí lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá yọ eyín 14 tí a fi eyín 13 rọ́pò rẹ̀, ìwọ̀n náà di 3.23. Agbára tó ń dé ilẹ̀ pọ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún, iyára sì dín kù ní nǹkan bí ìdá 7 nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí bákan náà. Bí ó bá jẹ́ ti ẹ̀yìn ni a yí padà, eyín 45 dípò 42 ni yóò mú wa dé 3.21. Èyí ni pé eyín kan ṣoṣo tí a yọ níwájú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó eyín mẹ́ta tí a fi kún ti ẹ̀yìn. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń yí ti iwájú padà: ó kéré, owó rẹ̀ kò pọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì pẹ́.

Àwọn mẹkáníìkì tó ń sọ èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ ìṣe méjì tó kó gbogbo ìṣirò yìí jọ. Alùpùpù tí ìwọ̀n jíà rẹ̀ tóbi a máa «fà». Èyí tí tirẹ̀ kéré a máa «sáré». Ó ṣòro láti rí àlàyé tó ṣe ṣókí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọkọ̀ òun fà yóò fi díẹ̀ nínú eré rẹ̀ san án.

Ohun tó ń san kò pin síbẹ̀. Ṣéènì tó ń yí sprọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré ká ń tẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí náà òun àti sprọ́kẹ́ẹ̀tì náà a máa tètè jẹ. Nígbà tí ọkọ̀ bá jáde sórí ọ̀dà, ẹ́ńjìnnì ní láti yí kíkankíkan kí ó tó lè bá eré àwọn yòókù mu, ariwo rẹ̀ yóò pọ̀, epo tó ń mu náà yóò sì pọ̀. Fún ẹni tó jẹ́ pé láti oko dé ọjà abúlé ni ìrìn rẹ̀ mọ, èyí kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Fún ẹni tó ń ná Àkànrán sí àárín ìgboro Ìbàdàn lójoojúmọ́, àdánù ni. Mítà ìyára kì í ṣìnà nítorí ìyípadà yìí lára àwọn alùpùpù tí wáyà mítà wọn ti ẹsẹ̀ iwájú wá.

Agbára tó pọ̀ kì í sì í ṣe àǹfààní níbi gbogbo. Lórí amọ̀ tó tutù, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó gba agbára ju bí ilẹ̀ ṣe lè dì í mú lọ yóò kàn máa yí lójú kan ni, yóò sì máa gbẹ́ kòtò fún ara rẹ̀. Nítorí èyí ni àwọn ọlọ́kadà tó mọṣẹ́ fi ń gbéra pẹ̀lú jíà kejì lórí ilẹ̀ tó ń yọ̀, tí wọ́n sì ń fi jíà kìíní sílẹ̀ fún òkè tó gbẹ. Nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀, jíà kékeré kan náà a máa di ọkọ̀ mú kí ó má baà sáré, kò sì ní jẹ́ kí wọ́n tẹ búrẹ́ẹ̀kì tó lè mú kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ há kí ó sì yọ̀.

Nínú ọkọ̀ akẹ́rù kékeré àti jíìpù tí ẹ́ńjìnnì lè yí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀pá kan tàbí bọ́tìnnì kan wà fún yíyan ẹsẹ̀ tí yóò ṣiṣẹ́. 2H ni ti ojú ọ̀dà, ẹsẹ̀ méjì péré ni ẹ́ńjìnnì ń yí; 4H ni ti ọ̀nà tí kò dán, gbogbo ẹsẹ̀ ni ó ń yí; 4L sì ni ti ibi líle, níbi tí gbogbo ẹsẹ̀ ti ń yí jẹ́jẹ́ pẹ̀lú agbára ńlá. Dífíríńṣà, èyí tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ti òsì lè yí ní ìyára ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ń kọ kọ́nà, ní àbùkù kan: bí ẹsẹ̀ kan bá bọ́ sínú ẹrẹ̀, òun nìkan ni yóò máa yí lásán, èkejì yóò sì dúró sójú kan. Ọkọ̀ tó bá ní ohun tí a fi ń ti dífíríńṣà pa lè borí èyí. A kì í ti í pa lórí ọ̀dà, nítorí pé ọkọ̀ kò ní lè kọ kọ́nà dáadáa.

Táyà àti nọ́ńbà ara rẹ̀

Táyà ẹ̀yìn alùpùpù Bajaj Boxer, tó wọ́pọ̀ gan-an ní ilẹ̀ Yorùbá, sábà máa ń ní 3.00-17 lára, ti iwájú sì ní 2.75-17. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ìbú táyà ní ínṣì, èkejì sì ni ìwọ̀n ríìmù tó ń wọ̀, ní ínṣì bákan náà. Gíga táyà irú èyí sún mọ́ ìbú rẹ̀, nítorí náà ẹsẹ̀ 3.00-17 ga tó nǹkan bí ínṣì 23 láti òkè dé ilẹ̀: 17, pẹ̀lú 3 lókè àti 3 nísàlẹ̀. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ 3.00-18 rọ́pò rẹ̀ ti gbé e dé nǹkan bí ínṣì 24, ó sì ti pàdánù nǹkan bí ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún agbára tó ń dé ilẹ̀. Bí ẹni náà bá ti yọ eyín kan níwájú tẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀ tuntun náà ti jẹ ìdajì àǹfààní rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn fún ọkọ̀ ńlá pẹ̀lú. Lára táyà 205/70R15, 205 ni ìbú ní mílímítà, 70 ni gíga ẹ̀gbẹ́ táyà gẹ́gẹ́ bí ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ìbú náà, 15 sì ni ríìmù. Gbogbo gíga rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí mílímítà 668. Ti 235/75R15 jẹ́ nǹkan bí 734. Ọkọ̀ tí a bá yí táyà rẹ̀ padà báyìí ti sọ nǹkan bí ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún agbára tó ń dé ilẹ̀ nù. Mítà rẹ̀ náà yóò máa parọ́: nígbà tó bá ń fi kìlómítà 100 hàn ní wákàtí kan, ọkọ̀ gan-an ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé 110.

Àwọn nọ́ńbà mìíràn wà tí àwọn oníbàárà kì í sábà kà. Ọ̀kan ni nọ́ńbà ẹrù. Táyà alùpùpù tó ní 50P lára lè ru kìlógíráàmù 190, kò sì gbọ́dọ̀ kọjá eré kìlómítà 150 ní wákàtí kan. Òmíràn ni nọ́ńbà mẹ́rin tó ń tẹ̀lé lẹ́tà DOT: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe táyà náà, méjì ìkẹyìn sì ni ọdún rẹ̀. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Nọ́ńbà yìí ṣe pàtàkì ní Nàìjíríà nítorí pé táyà tòkúnbọ̀ pọ̀ lọ́jà, tí táyà tuntun náà sì lè ti pẹ́ nínú ilé ìpamọ́. Michelin dáwọ́ ṣíṣe táyà dúró ní Port Harcourt ní ọdún 2007, Dunlop náà sì dáwọ́ tirẹ̀ dúró ní Ìkẹjà ní ọdún 2008. Láti ìgbà náà ni ọjà táyà orílẹ̀-èdè yìí ti gbára lé èyí tó ń ti òkè òkun wọlé. Rọ́bà tó ti gbó a máa le, a sì máa sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí eyín rẹ̀ tilẹ̀ pé.

Lórí òkìtì iyanrìn

Iyanrìn gbígbẹ kò ní ohun tó so hóró rẹ̀ pọ̀. Táyà tó bá tín-ín-rín tí ó sì le yóò gé e bí ọ̀bẹ, yóò sì rì. Ohun tí a ń wá lórí rẹ̀ ni kí ọkọ̀ léfòó, bí àtẹ́lẹsẹ̀ ràkúnmí tó fẹ̀ tó sì rọ̀ ṣe ń ṣe. Ọ̀nà tó yá jù, tí kò sì ná ni lówó, ni láti dín afẹ́fẹ́ inú táyà kù. Táyà jíìpù tó máa ń gba nǹkan bí psi 30 sí 35 lójú ọ̀dà, a lè dín in kù sí 15 sí 18 nígbà tí a bá wọ iyanrìn. Ibi tí táyà ti kan ilẹ̀ yóò gùn sí i ju bí yóò ṣe fẹ̀ lọ, èyí ni kò sì jẹ́ kí ó rì. Bí afẹ́fẹ́ bá wá kéré jù, táyà lè bọ́ kúrò lára ríìmù níbi kọ́nà. Dandan sì ni kí a tún un fẹ́ kí a tó padà sórí ọ̀dà, nítorí pé táyà tó rọ̀ tó ń sáré yóò gbóná títí yóò fi bẹ́.

Ọ̀gágun ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Ralph Bagnold, wà lára àwọn tó fi ọgbọ́n yìí múlẹ̀. Ní àwọn ọdún 1920 àti 1930, ó fi ọkọ̀ Ford la aṣálẹ̀ Líbíà kọjá, ó dín afẹ́fẹ́ táyà kù, ó sì gbé páànù irin dání láti tẹ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó bá rì. Ní ọdún 1940 ó dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun Long Range Desert Group sílẹ̀ ní Íjíbítì láti fi ìmọ̀ náà jagun, ní ọdún 1941 sì ni ìwé rẹ̀ lórí bí afẹ́fẹ́ ṣe ń kó iyanrìn jọ jáde. Lẹ́yìn èyí, ìdíje Paris–Dakar tí Thierry Sabine dá sílẹ̀ gbéra ní oṣù Kejìlá ọdún 1978, ó sì gbé àwọn alùpùpù àti ọkọ̀ gba àárín Sàhárà wọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ìdíje náà kúrò ní Áfíríkà lẹ́yìn tí wọ́n fagi lé ti ọdún 2008 nítorí ewu ààbò ní Mauritania.

Fún alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin àti ọkọ̀ kéékèèké tí àwọn ènìyàn fi ń ṣeré lórí òkìtì iyanrìn, wọ́n ní táyà ẹ̀yìn kan tí ara rẹ̀ dán, àyàfi àwọn abẹ rọ́bà gbọọrọ tó dábùú rẹ̀ bí àjẹ̀ ọkọ̀ ojú omi. Àwọn abẹ yìí ń wa iyanrìn dà sẹ́yìn. Ti iwájú a máa ní ìlà kan tàbí méjì tó gùn yí i ká, kí ó lè máa darí ọkọ̀. Abẹ wọ̀nyí a máa di ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ gan-an, nítorí náà ẹni tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kéré ní láti mú kí jíà rẹ̀ máa fà. Ẹni tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lágbára lè fi í sílẹ̀ bí ó ṣe wà, nítorí pé bí ó bá ń pààrọ̀ jíà léraléra lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, eré tó ti kó jọ yóò kú, ọkọ̀ yóò sì rì. Eré tí kò já ni ẹ̀mí ọkọ̀ lórí iyanrìn.

Ní Nàìjíríà, apá àríwá Ìpínlẹ̀ Yobe ni a ti lè rí òkìtì iyanrìn tòótọ́, níbi tí iyanrìn ti ń bo oko àti ilé mọ́lẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Niger, ọkọ̀ Toyota Hilux tí ẹrù àti ènìyàn kún ni ó gbajúmọ̀ ní ọ̀nà Agadez sí Líbíà.

Ọ̀nà oko ní àyíká Ìbàdàn

Ìbàdàn àti àwọn abúlé rẹ̀ kò ní òkìtì iyanrìn, ṣùgbọ́n iyanrìn wà níbẹ̀. Nínú ìwé tí A. J. Smyth àti R. F. Montgomery tẹ̀ jáde ní ọdún 1962 lórí ilẹ̀ àárín gbùngbùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, wọ́n fi orúkọ àwọn ìlú agbègbè náà sọ irú ilẹ̀ tí wọ́n rí. Ilẹ̀ Ìwó ti ara àpáta oníhóró ńlá wá, iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ sì wà nínú rẹ̀. Ilẹ̀ Ẹgbẹ́dá ti ara àpáta tí hóró rẹ̀ kúnná wá, ó pupa, amọ̀ rẹ̀ sì pọ̀. Ilẹ̀ Àpòmù ni iyanrìn jíjìn tí òjò ti wọ́ láti òkè wá sí ẹsẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Amọ̀ máa ń di omi àti oúnjẹ mú fún gbòǹgbò, ìdí nìyẹn tí kòkó fi fẹ́ràn ilẹ̀ bíi ti Ẹgbẹ́dá. Amọ̀ kan náà ló ń yọ̀ bí ilá nígbà tí òjò bá rọ̀. Ilẹ̀ tó dára jù fún kòkó, òun náà ló burú jù fún alùpùpù tó fẹ́ gbé kòkó jáde.

Ọlọ́kadà kan lè pàdé gbogbo irú ilẹ̀ yìí láàárín kìlómítà méjì: òkúta wẹ́wẹ́ lórí òkè, amọ̀ pupa ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, iyanrìn ní ìsàlẹ̀, àti odò kékeré tí pákó méjì tàbí mẹ́ta dábùú. Ìgbà náà tún ń yí i padà. Òjò Ìbàdàn, tó máa ń tó nǹkan bí mílímítà 1,200 sí 1,300 lọ́dún, sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta tàbí Kẹrin, ó ń dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, ó sì ń parí ní oṣù Kẹwàá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ojú ọ̀nà tó jẹ́ ẹrẹ̀ tẹ́lẹ̀ yóò le bí àpáta pẹ̀lú ipa ẹsẹ̀ ọkọ̀ nínú rẹ̀, eruku àti iyanrìn yóò sì kún inú ipa náà.

Níbi báyìí, ìmọ̀ràn aṣálẹ̀ yí padà. Iyanrìn ń fẹ́ táyà tó fẹ̀ tó sì rọ̀, kí ó lè léfòó. Ẹrẹ̀ tí ilẹ̀ líle wà lábẹ́ rẹ̀ ń fẹ́ táyà tín-ín-rín tó lè là á kọjá kí ó sì tẹ ilẹ̀ líle náà. Ọ̀pọ̀ ẹrẹ̀ ojú ọ̀nà abúlé ní àyíká Ìbàdàn jẹ́ irú èyí, nítorí pé ẹsẹ̀ ènìyàn àti ọkọ̀ ti tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ le láti ọjọ́ pípẹ́. Nítorí náà kò sí ìdí tó lágbára fún ọlọ́kadà láti wá táyà tó fẹ̀ ju èyí tí wọ́n ṣe alùpùpù rẹ̀ fún lọ. Ohun tó yẹ kí ó wò ni eyín táyà. Eyín tí àlàfo rẹ̀ há yóò gba amọ̀ sára, láìpẹ́ táyà náà yóò di bọ́ọ̀lù ẹrẹ̀ tí kò lè di nǹkankan mú. Eyín tó tóbi tó sì jìnnà síra yóò máa tu amọ̀ náà dànù bí ó ṣe ń yí.

Táyà eléyín ńlá náà ní ìyà tirẹ̀. Lórí ọ̀dà, eyín díẹ̀ ló ń kan ilẹ̀, kì í tètè dúró bí a bá tẹ búrẹ́ẹ̀kì, ó sì tètè ń jẹ. Ẹrẹ̀ tó ń gbé sókè lè há sáàárín òun àti mọ́gáàdì títí ẹsẹ̀ iwájú kò fi ní yí mọ́. Àwọn kan a máa gbé mọ́gáàdì iwájú sókè nítorí èyí. Fún ẹni tó ń gba ọ̀dà àti ọ̀nà oko lójúmọ́ kan náà, bóyá láti Lálúpọn sí àwọn abúlé Lágelú tàbí láti Mọ́níyà sí ìgbèríko Akínyẹlé, eyín alábọ́dé lẹ́yìn àti táyà onílà níwájú sábà máa ń sàn ju eléyín ńlá pátápátá lọ. Ẹsẹ̀ iwájú ló ń darí, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló ń tì. Bí owó kò bá tó fún táyà tuntun méjì, kò bọ́gbọ́n mu kí a fi èyí tó ti dán sí iwájú.

Dídín afẹ́fẹ́ kù kò yẹ alùpùpù tó ń ru ẹrù ní agbègbè yìí. Túùbù wà nínú ọ̀pọ̀ táyà wọn, bí táyà bá sì rọ̀ jù, òkúta yóò tẹ túùbù mọ́ ríìmù yóò sì lu ihò méjì sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Táyà náà tún lè yọ́ yí lórí ríìmù, kí ó sì fa ojú túùbù ya, èyí tí fọ́kánáísà kò lè lẹ̀. Iyanrìn ìsàlẹ̀ odò kò sábà gùn ju ìwọ̀nba mítà díẹ̀ lọ. Ẹni tó bá sún ara rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀ lórí ìjókòó, tó di eré rẹ̀ mú láìtẹ búrẹ́ẹ̀kì, tí kò sì yí ọwọ́ alùpùpù gìrì, yóò kọjá láìtú afẹ́fẹ́ kankan.

Ní ti jíà, yíyọ eyín kan níwájú ní ìtumọ̀ fún ẹni tó ń ru àpò ẹ̀gẹ́ gun òkè lójoojúmọ́, pàápàá bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò bá ju 100cc lọ. Yíyọ méjì kì í sábà dára: ṣéènì yóò tẹ̀ jù, ó sì lè máa fi ara ha irin tó gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn.

Kẹ̀kẹ́ Márúwà kò fi bẹ́ẹ̀ wọ inú oko. Táyà rẹ̀, tó sábà jẹ́ 4.00-8, kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kòtò tí alùpùpù ń fò kọjá fi lè gbé e mì, ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ sì ń rìn lórí òkìtì àárín ọ̀nà nígbà tí ti ẹ̀yìn méjèèjì wà nínú ipa ọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ní àwọn abúlé wọ̀nyí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, tó gba ilẹ̀ Akínyẹlé kọjá, wà lára àwọn ọ̀nà mọ́tò àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà; ọdún 1906 ni wọ́n ṣe é. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ dìde nínú ìjà Àgbẹ́kọ̀yà ní ọdún 1968 sí 1969, tí Tafa Adeoye ti Àkànrán sì jẹ́ ọ̀kan lára olórí wọn, owó orí àti owó kòkó ni gbogbo ènìyàn rántí. Àtúnṣe ọ̀nà tó wọ abúlé wà lára ohun tí wọ́n béèrè pẹ̀lú. Owó orí dín kù lẹ́yìn ìjà náà. Ọ̀pọ̀ ọ̀nà ṣì wà bí amọ̀ ṣe dá a, ìdí sì nìyẹn tí sprọ́kẹ́ẹ̀tì àti táyà fi di ohun tí olúkúlùkù ń fi owó ara rẹ̀ tún ṣe.

Ẹrù

Kò sí jíà tàbí táyà tó lè wo ẹrù àpọ̀jù sàn. Bí a bá ṣírò alùpùpù kan ní kìlógíráàmù 110, ọlọ́kadà ní 70, èrò méjì ní 140, àti àpò ẹrù kan ní 50, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 370. Bí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ bá wà lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ó lé ní 245, nígbà tí táyà 50P kò gbọ́dọ̀ ru ju 190 lọ. Jíà tó ń fà yóò gbé ẹrù náà gòkè láìráhùn, níbẹ̀ gan-an sì ni ewu wà: ẹ́ńjìnnì kò ní kìlọ̀ fún ọlọ́kadà mọ́, búrẹ́ẹ̀kì àti táyà rẹ̀ kò sì lágbára ju bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ nígbà tó bá ń sọ̀. Ẹrù tó lọ sẹ́yìn jù a tún máa mú kí ẹsẹ̀ iwájú fúyẹ́, kí ó má sì gbọ́ràn lórí ẹrẹ̀.

Ìtọ́jú ṣéènì

Ṣéènì tí wọ́n ń pè ní 428 wọ́pọ̀ lára alùpùpù kéékèèké. Ìdajì ínṣì ni àárín píìnì kan sí èkejì. Nínú eruku ẹ̀ẹ̀rùn, gírísì tó nípọn a máa kó iyanrìn jọ, yóò sì di ohun tó ń ha irin bí ìwé iyanrìn. Ó sàn kí a fi kẹrosíìnì fọ ṣéènì, kí a nù ún gbẹ, kí a sì fi ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kàn án. Nígbà òjò, ẹrẹ̀ ni a ní láti fọ̀ kúrò kí ó tó gbẹ. Bí a bá ti yí iye eyín padà, a gbọ́dọ̀ tún ìgùn ṣéènì wò: lára ọ̀pọ̀ alùpùpù kéékèèké, àárín rẹ̀ nísàlẹ̀ yẹ kí ó lè lọ sókè sódò ní nǹkan bí mílímítà 20 sí 30. Ṣéènì tí a fà le gbagidi nígbà tí kò sí ẹrù yóò tún le sí i nígbà tí èrò bá gùn ún, ó sì lè já. Ṣéènì tuntun lórí sprọ́kẹ́ẹ̀tì tí eyín rẹ̀ ti tẹ̀ bí ìkọ́ kì í pẹ́ jẹ, nítorí náà àwọn mẹkáníìkì a máa pààrọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀.